Kí ló wà nínú omi ilẹ̀ dídì? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ojú-ìwé yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí omi ṣe ń rí níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dì gbagidi: ní Siberia, ní Alaska, ní àríwá Kánádà, àti ní àwọn àfonífojì gbígbẹ tó wà ní Antarctica. Ohun kan ni kí ẹ mú dání bí ẹ ti ń kà á. Bí omi bá ń dì, ó ń ya ohun tó wà nínú rẹ̀ sọ́tọ̀. Iyọ̀ á kó lọ síbi tí òtútù kò tíì dé, yìnyín á sì kù síbi tó wà. Tí yìnyín náà bá wá yọ́ lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ohun tó há mọ́ ilẹ̀ látijọ́ á bọ́ sínú omi òde òní. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí ti wá.

Kí là ń pè ní ilẹ̀ dídì?

Ilẹ̀ yòówù tí kò bá gbóná kọjá 0°C fún ọdún méjì léraléra, ó kéré tán. Ì báà ṣe iyanrìn, amọ̀ tàbí àpáta. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní permafrost. Lókè rẹ̀, ìpele kan wà tó máa ń yọ́ nígbà ooru, tó sì máa ń dì padà nígbà òtútù. Ìpele yẹn lè má ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ níbì kan, ó sì lè tó mítà méjì níbòmíràn.

Bí ó ṣe jìn tó ni ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ní ìlú Yakutsk ní Rọ́ṣíà, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Fyodor Shergin bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kànga ní ọdún 1828 nítorí àtirí omi mu. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí di 1837, kànga náà jìn tó mítà 116, ilẹ̀ dídì ni wọ́n ṣì ń bá, kò sí omi. Kànga aláìlómi yẹn wá wúlò fún ìmọ̀: ní àwọn ọdún 1840, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Alexander von Middendorff sọ ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná-òtútù kalẹ̀ sínú rẹ̀ láti mọ bí òtútù ilẹ̀ ṣe ń yí padà bí èèyàn ṣe ń lọ sísàlẹ̀.

Tí gbogbo ilẹ̀ bá ti dì, ibo ni omi wá ń gbé?

Ó ń gbé lókè, ó ń gbé láàárín, ó sì ń gbé nísàlẹ̀. Èyí tó wà lókè ilẹ̀ dídì jẹ́ omi òjò àti omi ìrì dídì tó yọ́. Iyọ̀ inú rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ní àwọ̀ nítorí koríko àti ewéko jíjẹrà tó ń gbà kọjá. Èyí tó wà láàárín há sínú àlàfo àti ihò tí kò dì. Ti ìsàlẹ̀ ni omi abẹ́ ilẹ̀ gan-an. Ilẹ̀ dídì ni ìdérí rẹ̀, nítorí náà, tí wọ́n bá lu ìdérí yẹn, omi sábà máa ń fi agbára gòkè wá nínú páìpù.

Odò ńlá àti adágún jíjìn tún máa ń dá ojú sí ilẹ̀ dídì, torí pé ooru omi wọn kì í jẹ́ kí ilẹ̀ abẹ́ wọn dì. Àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe irú ibẹ̀ ní talik. Ojú ọ̀nà ni talik jẹ́ fún omi òkè àti omi ìsàlẹ̀ láti ríra, omi méjèèjì kì í sì í jọra rárá.

Ọ̀kan tún wà tí ojú kì í rí. Nínú amọ̀ tó ti dì pàápàá, omi tín-ín-rín kan máa ń lẹ̀ mọ́ ara hóró amọ̀ láìdì, bí òtútù bá tilẹ̀ rékọjá -5°C. Inú omi tín-ín-rín yẹn ni iyọ̀ ń gbà rìn díẹ̀díẹ̀, ọdún lẹ́yìn ọdún.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí iyọ̀ nígbà tí omi bá ń dì?

Ìbéèrè yìí ni ìpìlẹ̀. Bí àwọn ègé omi ṣe ń tò ara wọn láti di yìnyín, àyè kì í sí fún sódíọ̀mù, kálísíọ̀mù, kílóráìdì àti àwọn yòókù láàárín wọn. Ṣe ni yìnyín ń fẹ́ wọn dànù bí ẹni ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ọkà. Wọ́n á wá pọ̀ sí i nínú omi tó kù. Tí omi bá dì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yìnyín rẹ̀ á mọ́ kedere. Tó bá dì kíákíá, omi iyọ̀ àti afẹ́fẹ́ á há sínú rẹ̀, yìnyín náà á funfun, kò sì ní mọ́ tó ti àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iyọ̀ ló lè dúró nínú omi tó ń dín kù. Kálísíọ̀mù kábọ́nétì, ohun kan náà tó wà nínú òkúta ẹfun, ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù (CO₂) sílẹ̀ bó ṣe ń jáde. Nínú omi òkun, bí òtútù bá ti rékọjá -6°C, iyọ̀ sódíọ̀mù sọ́líféètì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Iyọ̀ tí à ń jẹ pẹ̀lú omi nìkan kì í dì tán àfi ní -21°C. Ti kálísíọ̀mù kílóráìdì le jù: ó lè wà ní omi títí dé nǹkan bí -50°C.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Omi kan lè bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ bí omi tútù lásán tó kún fún kálísíọ̀mù àti báíkábọ́nétì. Tó bá dì, tó yọ́, tó tún dì, lọ́pọ̀ ìgbà, kálísíọ̀mù rẹ̀ á máa ṣẹ́ kù sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun funfun, màgínísíọ̀mù àti sódíọ̀mù á sì máa gba ipò. A kò tíì fi nǹkan kan kún un láti ìta, síbẹ̀ ó ti di omi mìíràn.

Ṣé lóòótọ́ ni omi wà tí kì í dì nínú ilẹ̀ tó dì?

Bẹ́ẹ̀ ni. Cryopeg ni orúkọ rẹ̀: omi iyọ̀ tó tutù ju 0°C lọ tí kò sì dì. Òkun tó fà sẹ́yìn ló fi púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ òkun di ilẹ̀ gbígbẹ, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀ láti òkè, yìnyín ń lé iyọ̀ ṣíwájú, títí iyọ̀ fi kó jọ sójú kan tí kò níbi tí yóò sá sí mọ́. Ọ̀pọ̀ wà ní Yamal ní Rọ́ṣíà. Òmíràn wà ní Utqiaġvik ní etíkun Alaska, níbi tí omi náà wà ní -6°C, tí iyọ̀ rẹ̀ sì ju ìlọ́po mẹ́ta ti òkun lọ. Kòkòrò àìfojúrí ń gbé inú rẹ̀.

Ní Antarctica, adágún Vida ní omi iyọ̀ tó wà ní nǹkan bí -13°C lábẹ́ yìnyín rẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Don Juan Pond, tí wọ́n rí ní ọdún 1961. Adágún pẹlẹbẹ ni, kò jìn rárá, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù kílóráìdì ló kún inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òtútù ibẹ̀ kò fi lè mú un dì.

Kí ló dé tí omi Blood Falls fi pupa?

Irin ni. Lábẹ́ òkìtì yìnyín Taylor ní Antarctica, omi iyọ̀ kan wà tí afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, irin sì yọ́ sínú rẹ̀ láìní àwọ̀. Tó bá ti jáde sí gbangba, níbi tí wọ́n ń pè ní Blood Falls, ọ́síjìn á mú irin náà dípẹtà, omi á sì pọ́n. Onímọ̀ nípa ilẹ̀, Griffith Taylor, ló rí i ní 1911. Ewéko tín-ín-rín inú omi (algae) ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó fa àwọ̀ náà.

Ṣé omi ilẹ̀ dídì ṣeé mu?

Ó wà lọ́wọ́ ibi tí ẹ ti bu ú. Ní àwọn abúlé Yakutia, ẹkùn Siberia tí ìlú Yakutsk wà, àwọn èèyàn máa ń gé yìnyín adágún ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, wọ́n á tò ó síta tàbí sínú àjà ilẹ̀, wọ́n á sì máa yọ́ ọ lé iná fún mímu. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka èyí sí. Omi adágún kan náà lè ní iyọ̀ tó pọ̀ jù fún mímu nígbà ooru, ṣùgbọ́n yìnyín rẹ̀ ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ náà sílẹ̀ nínú omi ìsàlẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n má gé e dé ìsàlẹ̀ pátápátá, torí pé apá tó dì kẹ́yìn ni ìdọ̀tí àti iyọ̀ ti ń pọ̀. Dídì kì í sì í pa gbogbo kòkòrò àìfojúrí, nítorí náà ó ṣì yẹ kí wọ́n sè é.

Omi tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ dídì ní ẹkùn Yakutsk mọ́ ní ojú, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù àti fílúóráìdì rẹ̀ lè ga. Ó yé èèyàn tí a bá rántí ohun tí a sọ lẹ́ẹ̀kan: kálísíọ̀mù ló máa ń so fílúóráìdì mọ́lẹ̀, omi tí kálísíọ̀mù rẹ̀ bá sì ti dín kù lè gbé fílúóráìdì púpọ̀. Fílúóráìdì tó pọ̀ jù ń ba eyín àti egungun jẹ́.

Kí ló so omi iyọ̀ pọ̀ mọ́ ibi ìwakùsà dáyámọ́ńdì?

Àwọn kòtò dáyámọ́ńdì ní ìwọ̀-oòrùn Yakutia gba inú ilẹ̀ dídì kọjá, wọ́n sì kan omi iyọ̀ àtijọ́ nísàlẹ̀. Ní Udachnaya, líítà omi kan lè ní ju 300 gíráàmù iyọ̀ lọ, kálísíọ̀mù kílóráìdì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Omi òkun kò ju nǹkan bí 35 lọ. Tí wọ́n bá fa irú omi bẹ́ẹ̀ jáde, wọn kò lè dà á sínú odò, torí yóò pa ohun gbogbo tó wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé wọ́n ń gbẹ́ ihò, wọ́n sì ń fi omi iyọ̀ náà sínú àlàfo àpáta tó dì.

Ewu ibẹ̀ ni pé omi iyọ̀ ń jẹ yìnyín. Bí ó tilẹ̀ tutù ju 0°C lọ, tó bá kan yìnyín tó di ojú pàlàpálá àpáta, á yọ́ ọ, ojú ọ̀nà á sì ṣí. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2017, omi ya wọ ibi ìwakùsà dáyámọ́ńdì abẹ́ ilẹ̀ Mir ní Yakutia, òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ni wọn kò sì rí mọ́.

Ṣé omi odò ibẹ̀ máa ń rí bákan náà látọdún dé ọdún?

Rárá o. Lọ́dún kan náà pàápàá, ó ń yí padà. Ẹ mú odò Lena ní Siberia. Fún oṣù tó ju mẹ́fà lọ, yìnyín bò ó. Ní àsìkò yẹn, kò sí òjò, kò sí omi orí ilẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ nìkan ló ń bọ́ ọ, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì ga. Tó bá wá di oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, gbogbo ìrì dídì á yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ ṣì dì lábẹ́, omi kò lè wọ inú rẹ̀, nítorí náà ṣe ló ń ṣàn gba àárín ewé àti èérún igi lọ sínú odò. Iyọ̀ á já wálẹ̀, kábọ́ọ̀nù tó ti ara ewéko wá á sì ga ju ti ìgbàkígbà lọ.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi gba èsì ìwádìí tí wọ́n gbé karí omi tí wọ́n bù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ooru, nígbà tí ọ̀nà dára tí ẹ̀fọn nìkan ni ìṣòro. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ìkún omi fi ń ya, tó sì nira jù láti dé etí odò, ni odò ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré: Òkun Arctic kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún omi òkun ayé lọ, síbẹ̀ ó ń gba bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún omi tí gbogbo odò ayé ń tú sínú òkun. Lena, Yenisei, Ob, Kolyma, Mackenzie àti Yukon ló ń gbé púpọ̀ nínú ohun tí ilẹ̀ dídì bá tú sílẹ̀ jáde.

Kí ló sọ àwọn odò kan ní Alaska di aláwọ̀ ọsàn?

Ní òkè Brooks Range, ní àríwá Alaska, odò tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ ti di pípọ́n bí ìpẹtà. Ìròyìn ìwádìí tó jáde ní 2024 ka odò àti ìṣàn omi 75. Kò sí ibi ìwakùsà kankan lókè wọn. Ilẹ̀ tó ń yọ́ ni ọwọ́ ń tọ́ka sí.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rè é. Òkúta kan wà tó ń jẹ́ píráìtì, irin àti imí-ọjọ́ ló para pọ̀ di í. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá dì, omi àti ọ́síjìn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Tí ilẹ̀ bá yọ́, méjèèjì á wọlé, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ á di ásíìdì, irin á sì yọ́ sínú omi. Ásíìdì yẹn á tún máa yọ síǹkì, níkẹ́ẹ̀lì, bàbà àti kádíọ́mù kúrò lára àpáta tó bá bá pàdé. Níbì kan, pH omi (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó: bó bá ṣe ń kéré sí i ni omi ń kan sí i) já dé 2.3, nígbà tí ti àwọn odò àyíká ń lọ sí nǹkan bí 8. Bí omi kíkan yìí bá dà pọ̀ mọ́ odò ńlá tí kò kan, irin kò lè dúró nínú omi mọ́. Á di ẹrẹ̀ pupa, á sì bo òkúta ìsàlẹ̀ odò, níbi tí kòkòrò tí ẹja ń jẹ ń gbé. Ní ẹ̀ka odò Akillik kan, ẹja tó wà níbẹ̀ pòórá ní 2018, lẹ́yìn tí omi yí àwọ̀ padà.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí kì í fara hàn ní àwọ̀, ó sì kan gbogbo ayé. Bí òjò ṣe ń jẹ òkúta lọ́nà tó wọ́pọ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù kúrò nínú òfuurufú. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ásíìdì imí-ọjọ́ ló ń jẹ òkúta ẹfun, ṣe ló ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde. Wọ́n ti rí èyí ní Peel Plateau ní Kánádà, níbi tí ẹ̀gbẹ́ òkè odindi ti ń ya lulẹ̀ bí yìnyín inú wọn ṣe ń yọ́.

Kábọ́ọ̀nù àtijọ́ tí wọ́n ń sọ ńkọ́?

Iye kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ilẹ̀ dídì ìhà àríwá ayé tó nǹkan bí 1,460 sí 1,600 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, tó jẹ́ bí ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú òfuurufú. Koríko àti gbòǹgbò tí kò ráyè jẹrà tán ni. Ní Duvanny Yar, létí odò Kolyma, ẹrẹ̀ tó ti dì fún ohun tó ju ẹgbàáwàá ọdún lọ ń yọ́ dà sínú omi. Ẹni tó bá rò pé ohun tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti pòfo ṣì í rò. Nínú ìdánwò tí wọ́n fi omi yẹn ṣe, kòkòrò àìfojúrí jẹ nǹkan bí ìdámẹ́ta kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rí i púpọ̀ ní ẹnu odò ńlá: wọ́n ti jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà, ó ti di gáàsì.

Àwọn adágún ńkọ́?

Níbi tí yìnyín pọ̀ sí nínú ilẹ̀, ilẹ̀ á rì tó bá yọ́, omi á sì gba ojú ibẹ̀. Ní àárín gbùngbùn Yakutia, òjò àti ìrì dídì ọdún kan kò sábà ju 250 mílímítà lọ, oòrùn ìgbà ooru sì ń fa omi lọ ju èyí tó ń wọlé. Adágún tí kò ní ojú ìṣàn a máa pọ̀ ní sódíọ̀mù àti báíkábọ́nétì, pH rẹ̀ á sì ga ju 8 lọ dáadáa. Nígbà òtútù, iyọ̀ á tún pọ̀ sí i lábẹ́ yìnyín, ọ́síjìn á sì máa tán, débi pé ẹja lè kú sínú adágún kan ní odindi. Nísàlẹ̀, níbi tí kò sí ọ́síjìn, ni gáàsì méténì ti ń jáde. Ẹ lè fi ojú rí i nínú yìnyín tó mọ́: ìfóòfó gáàsì funfun pẹlẹbẹ, ọ̀kan lórí èkejì, bí wọ́n ṣe ń há nígbà tí yìnyín ń nípọn sí i.

Ìyẹ̀fun funfun wo ló máa ń wà lórí yìnyín ẹ̀bá odò?

Kálísíọ̀mù kábọ́nétì. Ìsun omi kan wà tí kì í dákẹ́ nígbà òtútù. Omi rẹ̀ á máa dì lérí ara wọn, títí á fi di pápá yìnyín ńlá. Ti odò Moma ní Yakutia wà lára àwọn tó tóbi jù. Tí oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ, ìyẹ̀fun tó jáde nígbà dídì á kù sórí rẹ̀.

Ṣé iyọ̀ tí èèyàn ń dà nù ń ba ilẹ̀ dídì jẹ́?

Ó ń bà á jẹ́ gidigidi, ó sì dùn mí pé àwọn tó ń kọ́lé kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Yakutsk ti wà láti 1632. Láti ìgbà náà, omi ìdọ̀tí ilé àti ti ẹran ọ̀sìn ń wọ ilẹ̀, ilẹ̀ dídì sì dí i lọ́nà ìsàlẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ìpele òkè bá ń dì, á ti iyọ̀ náà sísàlẹ̀ díẹ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀ tó, ilẹ̀ tó wà ní -2°C, tó yẹ kó le bí òkúta, á rọ̀. Orí òpó tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ dídì ni àwọn ilé ibẹ̀ dúró lé. Iyọ̀ tún ń jẹ kọnkéré òpó náà fúnra rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé omi kan ti dì rí?

Wọ́n ń wo kálísíọ̀mù àti màgínísíọ̀mù rẹ̀ bí a ti sọ lókè, wọ́n sì tún ń wo ọ́síjìn inú ègé omi. Oríṣi ọ́síjìn méjì ni wọ́n ń fi wé ara wọn, ọ̀kan wúwo ju èkejì. Èyí tó wúwo fẹ́ràn yìnyín. Èyí tó wúwo nínú yìnyín máa ń fi nǹkan bí 3 nínú ẹgbẹ̀rún ju ti omi tó ti wá lọ. Nítorí náà, omi tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn dídì á fúyẹ́ díẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ á sì ga. Ẹ̀rí méjèèjì gbọ́dọ̀ pé kí n tó gbà.

Mo fẹ́ bu omi fún àyẹ̀wò. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ẹ wọn ìgbóná-òtútù àti pH lójú ibẹ̀, kí ẹ tó rìn kúrò, torí pé afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù máa ń sá jáde nínú omi tútù bó bá ti ń móoru, pH á sì yí padà. Ẹ bu omi náà kún ìgò dé ẹnu, kí afẹ́fẹ́ má kù sínú rẹ̀. Èyí tí ẹ fẹ́ fi wá irin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú asẹ́ 0.45 màíkíró, kí ẹ sì fi ásíìdì díẹ̀ sí i.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kó dì lójú ọ̀nà. Tó bá dì nínú ọkọ̀, tí ẹ sì yọ́ ọ nílé, ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun ní ìsàlẹ̀ ìgò. Kálísíọ̀mù omi yẹn ni, kì í tètè padà sínú omi. Èsì àyẹ̀wò yóò sọ pé kálísíọ̀mù kéré, báíkábọ́nétì kéré, ẹ ó sì máa rò pé bí odò ṣe rí nìyẹn. Ẹ kó irú ìgò bẹ́ẹ̀ kúrò lára àwọn yòókù, kí ẹ sì padà lọ bu òmíràn.